Ìwé Àwìn Màámi

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín, ẹ kú ìfaradà sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ tó wà láti Onípánù títí dé ibí nírọ̀lẹ́ yìí. Wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe dàgbà nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn òbí wa. Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ láti kà fún yín. Ìwé tí ẹ ń wò lọ́wọ́ mi yìí ni mo mú wá, òun náà ni màá máa ṣí bí mo bá ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.

Kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń rà lọ́jà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Bàámi ń ṣe ní Ṣómólú níbí, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé òwò tí wọ́n fi mọ àdúgbò wa nìyẹn. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà: èyí tó bá bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ, Bàámi á kó o wálé, á gé e dọ́gba, á fi òwú rán an pọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun ni Màámi ń kọ àwìn sí. Ẹ wo ojú ewé yìí: gbèsè gàrí àti òróró ló wà níhìn-ín. Tí mo bá yí i padà, ọkọ àti ìyàwó kan ń pe mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ síbi ìgbéyàwó wọn, ọjọ́ Sátidé kan nínú ọdún 1983.

Màámi kò kàwé. Àmì ló fi ń dá oníbàárà mọ̀. Sísọ́ọ̀sì ni bàbá tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì. Òbìrí kékeré mẹ́ta ni ìyá alákàrà. Ìyá ìbejì ẹ̀yìnkùnlé wa, igi méjì tó dúró ti ara wọn. Ọ̀gá tíṣà kan tó ń gbé lọ́nà Bàrígà, gíláàsì ojú rẹ̀ ni Màámi yà. Lábẹ́ àmì yẹn ló ń kọ iye owó sí: ìlà tó dúró ṣanṣan, sílè kan nìyẹn, èyí tó bá tẹ̀, sísì ni, èyí tó bá rí tó-tó bí ojú abẹ́rẹ́, tọ́rọ́ ni. Tí onígbèsè bá ti san tán, á fi ìlà gígùn kan la gbogbo rẹ̀ já. Àwa ọmọ náà ní àmì tiwa, ṣùgbọ́n ara ẹrù wa ló ń fi í sí, kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀ lórí abọ́ àti sílípáàsì. Tèmi jẹ́ òṣùpá kékeré tó tẹ̀ bí èékánná, torí alẹ́ ọjọ́ tí oṣù lé ni wọ́n bí mi. Ìṣó gbígbóná ló fi tẹ̀ ẹ́ sí ìdí kọ́ọ̀pù oníke tí mo fi ń mu ògì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ á máa wò mí pé sílè wo ló ń wí. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni Nàìjíríà pa pọ́n-ùn tì, tí a gba náírà àti kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, sílè ni wọ́n ṣì fi ń ná ọjà ní àdúgbò wa. Kọ́bọ̀ 10 ni sílè kan, kọ́bọ̀ 5 ni sísì, sílè mẹ́wàá ló ń jẹ́ náírà kan. Tí ìyá àgbà kan bá dé tó ní òun fẹ́ gàrí sílè méjì àti sísì, ọmọ tó dúró lẹ́yìn pákó ní láti mọ̀ pé kọ́bọ̀ 25 nìyẹn, kó sì ti mọ ṣéńjì tó máa fún wọn kí wọ́n tó tú owó tán ní ìdí ìró. Tíṣà kọ́ mi ní ìṣirò kọ́bọ̀, Màámi kọ́ mi ní ti sílè. Ti Màámi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ yé.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn kò ju yàrá kan lọ. Ilé tí yàrá ń kọjú sí yàrá là ń gbé, tiwa ló wà níwájú. Wọ́n fẹ fèrèsé rẹ̀ sí ojú títì, wọ́n ṣe ìdérí onípákó sí i tí a máa ń gbé sókè láàárọ̀, tí a ó sì fi igi tì í. Òkè pákó yẹn ni Bàámi ní kí akunpátákó kọ ọ́ sí gàdàgbà: Àwìn kò sí lónìí, ó dọ̀la. Abẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni Màámi ń jókòó sí tó ń tajà láwìn. Bàámi kò bá a jà. Ó ní àwọn tí kò mọ̀ wá ni òun kọ ọ́ fún. Ohun kan ṣoṣo tí Màámi kò gbà ni kí wọ́n fi àwìn ṣí ọjà. Ẹni tó bá tètè dé láàárọ̀ tí kò lówó lọ́wọ́, á ní kó jókòó díẹ̀, kí owó kọ́kọ́ wọlé lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo ti rí ọjọ́ tí èèyàn mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ńṣì tí wọ́n ń retí ẹni tó máa mú owó wá, tí wọ́n jùmọ̀ ń gbàdúrà pé kí ajé ó wọgbá.

Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ni kó wó ọjà ńlá sí wẹ́wẹ́, kó lè tó ọwọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Páálí Omo kan dé, a ó tú u, a ó fi ṣíbí wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá. Ṣúgà onígun, ẹyọ mẹ́rin-mẹ́rin. Maggi, ẹyọ kan. Búrẹ́dì, ìdajì. Panadol, ẹyọ méjì, èyí sì ni wọ́n máa ń wá rà lóru, tí ara ọmọ bá gbóná. "Ẹ wá tajà o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá tajà!" Màámi kì í bínú sí ìpè òru. Kẹrosíìnì wà nínú gálọ́ọ̀nù, a ó fi àrọ dà á sínú ìgò bíà: ìgò kan, ìdajì ìgò, títí kan ìwọ̀nba tó máa kún ikùn àtùpà kékeré fún alẹ́ ọjọ́ kan péré.

Ọwọ́ àwa ọmọ ni dídì wà. Tí a bá jẹun alẹ́ tán, a ó tan àbẹ́là kan, a ó jókòó yí i ká. Ìwọ á bu iyọ̀ sínú ọ̀rá, wàá ṣẹ́ ẹnu ọ̀rá náà lé orí irin ayùn tí kò ní èèkù, wàá wá fà á kọjá létí iná, kó má sún mọ́ ọn jù, kó má sì jìnnà. Bí ó bá pẹ́, ọ̀rá á jó, iyọ̀ á dà sílẹ̀, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo yàrá. Bí ó bá yá jù, ẹnu rẹ̀ kò ní lẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á dá a padà sí ọ lọ́wọ́ láìsọ nǹkan kan. Ìró kan wà tó máa ń dún tó bá lẹ̀ dáadáa, ó kéré púpọ̀, bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ bá la ẹnu lójú oorun. Ìró yẹn là ń tẹ́tí sí. Títí di òní, tí iná bá lọ nílé mi tí mo tan àbẹ́là, ọwọ́ mi á máa wá ọ̀rá.

Ìgbà tí a bá ń ka ṣúgà ni èmi ní ìwà tèmi. Màá yọ ẹyọ kan láti ìpele ìsàlẹ̀ páálí, màá to ti òkè bò ó padà, màá fi èyí tí mo yọ sábẹ́ ahọ́n, màá sì dákẹ́ títí yóò fi yọ́. Ó tó ọdún méjì tí mo fi ṣe é. Kò sẹ́ni tó bá mi wí rí.

Ìdí kóńgò ni ìwà ọlọ́jà ti ń hàn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú, kó lè máa gba díẹ̀; tí oníbàárà bá ń wo òkè tó kún, kò ní mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ti jí tirẹ̀ lọ. Màámi máa ń dojú kóńgò tiwa kọ oòrùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan níṣojú àwọn èèyàn, á fi ọwọ́ nù ún nínú, á ní kí ọmọ oníbàárà fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀ wò. Nígbà tó bá wá ń bu gàrí, á jẹ́ kó yọrí ṣonṣo, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì nìyẹn. Ẹni tí a bá gbàgbé láti fún ní èènì kò ní sọ̀rọ̀, kò sì ní lọ. Á kàn dúró síbẹ̀ máa wo gàrí títí a ó fi rántí.

Ọjọ́ Sátidé ni à ń lọ ra ọjà ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Òkè Arìn. A ó wọ mólúè ní Onípánù, a ó gba orí afárá Carter kọjá, a ó sọ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Bàámi ló sọ fún mi pé gómìnà òyìnbó ló ni orúkọ afárá yẹn, pé ọdún 1901 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí i. Láti Ìdúmọ̀tà, ẹsẹ̀ ni. Àwọn alábàárù á máa sáré kọjá pẹ̀lú páálí mẹ́ta, mẹ́rin lórí, "Àgò o! Àgò lọ́nà!", Màámi á sì fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ mi mú, ọwọ́ ọ̀tún á wà lórí owó tó so mọ́ ìdí. Ìyá tó ń ta agolo mílíìkì àti ṣúgà fún wa ní ìsọ̀ kékeré kan tí páálí ga dé òrùlé. Wọ́n kì í ná ọjà pẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ṣírò tán, ìyá yẹn á fa ìwé kan jáde lábẹ́ àga, á kọ nǹkan sí i. Ọdún tí mo pé mẹ́jọ ni mo tó rí ohun tó ń kọ: orúkọ Màámi ni, àti iye tó kù tí kò tíì san. Ó yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé àwa là ń ta àwìn fún gbogbo ayé. Mi ò mọ̀ pé àwa náà wà nínú ìwé ẹlòmíràn, pé àkàrà tí wọ́n ń dín lẹ́nu ọ̀nà wa, láwìn ni òróró rẹ̀ ti kúrò ní Òkè Arìn.

Àjọ ni Màámi fi ń san ti Òkè Arìn. Alájọ á dé nírọ̀lẹ́, á sàmì sí káàdì, owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tirẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àdúgbò wa ni wọ́n fi ń yin ọlọ́pọlọ pípé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: orí rẹ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀ láì kọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí ọdún 1984. Ojú ewé tó kún fún ìlà gígùn jù lọ nìyí. Àwọn sójà ti gba ìjọba ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983. Mílíìkì, ṣúgà, òróró, ọṣẹ ìfọṣọ, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀wọ́n kí wọ́n tó dé. Ẹ̀sẹ́ńkò ni à ń pe àwọn ọjà yẹn, àwọn èèyàn á tò láti àárọ̀ nítorí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọjà, sójà fi tipátipá mú ọlọ́jà tà ní iye tí ìjọba dá. Wọn kò dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba Màámi, kò fi agolo síta mọ́. Ìyá rẹ̀, tó ti tajà ní Eréko láyé òyìnbó, ló jókòó sórí àpótí lọ́jọ́ kan tó sọ fún wa pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà ogun Hitler, ìjọba òyìnbó dá iye lé gàrí, ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Pullen ló ń darí rẹ̀. Àlímọ́tù Pẹ̀lẹ́wúrà, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, tí òun náà ń tajà ní Eréko, kọ̀ jálẹ̀, àwọn obìnrin sì tì í lẹ́yìn títí ìjọba fi gbé ọwọ́ kúrò lórí iye gàrí ní 1945. Ìyá àgbà ní: "Wọ́n lè dá iye tí mo máa tà á. Ta ni wọ́n bi léèrè iye tí mo rà á?"

Oṣù kẹrin ọdún 1984 ni wọ́n tún pààrọ̀ àwọ̀ owó bébà. Ìwọ̀nba ọjọ́ ni wọ́n fún ará ìlú láti kó ti àtijọ́ lọ sí báńkì. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni gbogbo onígbèsè rántí gbèsè. Wọ́n ń dé láàárọ̀, wọ́n ń dé lálẹ́, pẹ̀lú owó tó fẹ́ kú lọ́wọ́ wọn. Bàámi ní kí Màámi má gbà á. Màámi gbà á. Ó ní tí òun bá dá wọn padà, ojú á máa ti àwọn àti òun títí ayé. Bàámi to ìlà ní báńkì fún ọjọ́ méjì gbáko. Ẹ wo àwọn ìlà gígùn wọ̀nyí, ọ̀sẹ̀ kan ló fa gbogbo wọn. Ẹ wá wo sísọ́ọ̀sì yìí, kò sí ìlà lórí rẹ̀. Bàbá tó ń ránṣọ wá náà o, ó wá ní òru. Ohun tó sọ ni pé: "Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí n mú owó tuntun wá. Mi ò ní fi wàhálà mi kún ti yín." Oṣù méjì lẹ́yìn náà ló san. Títí Bàámi fi kú, kò gbé aṣọ lọ fún télọ̀ mìíràn rán.

Lẹ́yìn 1986, tí ìjọba jẹ́ kí iye náírà já wálẹ̀, ńkọ́? Ìwé yìí mọ̀ ọ́n ju ẹnu mi lọ. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Nígbà tó fi máa di 1989, ó ti ju náírà 7 lọ. Ẹ kàn máa ṣí ewé lọ, ẹ ó rí bí àmì agolo mílíìkì ṣe ń tán lábẹ́ àmì àwọn ọlọ́mọ, tí ti gàrí ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó mú kí n gbà láti wá.

Ọ̀gá tíṣà tí Màámi fi gíláàsì ojú ṣàmì rẹ̀ yẹn, ẹni iyì ni. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rún, bàtà rẹ̀ máa ń dán. Ọwọ́ alẹ́ ló máa ń wá, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti dá. Kò ní béèrè nǹkan kan. Á kí Màámi, á béèrè àlàáfíà Bàámi, á gbójú sókè bí ẹni tó ń ka ohun tí Bàámi ní kí wọ́n kọ síbẹ̀. Màámi á ti máa bu gàrí, á bu ẹ̀wà sí i, á fi ìwé ìròyìn wé e ní ìwé méjì mẹ́ta, kí ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà lè rò pé ìwé ọmọ iléèwé ló gbé dání. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí wọn kò sanwó fún un níbi iṣẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Èmi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ọ̀gá tíṣà ń kọjá lọ, òun àti ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ wọ táì. Mo fẹ́ fi hàn pé mo mọ iṣẹ́. Mo ké sí i: "Ẹ káàsán sà! Owó gàrí yín ti di náírà mẹ́ta àti sílè méjì o!"

Àwọn méjì yẹn dúró. Ọ̀gá tíṣà yọ gíláàsì rẹ̀, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó nù ún, ó tún nù ún, ó wá gbé e wọ̀ padà. "O ṣé, ọmọ mi." Ó ń lọ. Kò wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò wá lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ kẹta ni Màámi bi mí bóyá mo rí i. Mo ròyìn, mo sì ń retí ẹgba. Kò nà mí. Ó ti pákó ṣọ́ọ̀bù pa ní aago méje alẹ́, ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí. Ó bu kóńgò gàrí kan, ó mú odidi búrẹ́dì kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní ká máa lọ. Nígbà tí a dé ilé tíṣà, Màámi kúnlẹ̀. Èmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní: "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti fi í sídìí ọjà kí n tó kọ́ ọ." Tíṣà ń sọ pé kò sí nǹkan, kò sí nǹkan, ó ń fà á dìde. Ìyàwó rẹ̀ ló gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, kò wò mí lójú.

Òkùnkùn ti ṣú nígbà tí a ń bọ̀. A ti fẹ́ dé ilé kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní: "Ẹni tó ń tajà ládùúgbò, ojú rẹ̀ ń dé ìsàlẹ̀ ìkòkò gbogbo ilé. Ohun tí o bá rí níbẹ̀, ibẹ̀ ni kó wà." Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ láyé rẹ̀. Ọ̀gá tíṣà padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì san gbogbo rẹ̀ kí ọdún tó parí. Ìlà rẹ̀ nìyí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá gbọ́ ohun tí ojú àwọn ọmọ wa ń rí lọ́wọ́ àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ọjọ́ á kọjá díẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì dé fóònù ìyá rẹ, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, àfẹ́sọ́nà rẹ, pé olè ni ọ́. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà ní láti gbé ìlànà jáde lórí rẹ̀ ní 2022. Ohun tí mo ṣe lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án láìmọ̀kan, tí ìyá mi fi kúnlẹ̀, òun ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Inú ń bí mi sí i. Àwìn kì í ṣe ìtìjú. Ẹni tó yáni lówó ti rí ìhòòhò ẹni. Aṣọ ló yẹ kó fi bò ó.

Lẹ́yìn tí Màámi fi ayé sílẹ̀, a ń pín ẹrù rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì rí ìwé yìí nínú àpótí, lábẹ́ aṣọ òfì. A jókòó sílẹ̀, a ń ka àdúgbò wa lọ láti ewé dé ewé: ìyá alákàrà rèé, bàbá tó ń ránṣọ rèé. A kà á dé ewé tó kẹ́yìn. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tó bàjẹ́ ni. Òṣùpá kékeré tó tẹ̀ bí èékánná ló wà lókè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Kò sí ìlà sílè tàbí ti sísì lábẹ́ rẹ̀. Àwòrán onígun mẹ́rin kéékèèké ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ni ẹyọ ṣúgà kan, wọ́n tò dé ìsàlẹ̀ ewé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 143. Ìlà gígùn kan ló la gbogbo wọn já. Mo fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì yìí, ẹ wá wò ó fúnra yín.